Ta ló kù tó lè pe màmá lórúkọ? Ìdáhùn fún ọ̀dọ́ kan ní Kàbà tó fẹ́ ya fíìmù ẹ̀rù

Ìbéèrè: "Òkun o, ẹ̀gbọ́n. Kàbà ni mo ń gbé. Mo fẹ́ ya fíìmù kékeré kan tó máa dẹ́rù bani, tí kò ní ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, nípa màmá àgbàlagbà kan tó ń dá gbé nínú ilé ńlá tí ọmọ rẹ̀ tó wà ní Àbújá kọ́ fún un. Fóònù mi ni màá fi yà á. Owó ọwọ́ mi kò ju 150,000 náírà lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi àjẹ́ sí i, tàbí egúngún, pé bí nǹkan kan ò bá fò jáde lójijì, kò sẹ́ni tó máa bẹ̀rù. Èmi rò pé dídá tí màmá dá wà yẹn gan-an ló yẹ kó máa bani lẹ́rù, àmọ́ mi ò mọ bí mo ṣe máa fi hàn. Orúkọ tí mo sọ ọ́ ni Ilé Òfìfo. Mo tún fẹ́ fi ránṣẹ́ síbi àjọ̀dún fíìmù. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni kí n ṣe é?"

Òkun o, àbúrò mi. Ìwọ lo jàre, àmọ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ náà ò jẹ̀bi tán. Ohun tí wọ́n rí, tí wọn ò mọ bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́, ni pé màmá tó jókòó sẹ́nu fèrèsé fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ kì í ṣe fíìmù ẹ̀rù. Àánú ni. Àánú sì máa ń jẹ́ kí òǹwòran fẹ̀yìn tì, kó mi orí, kó ní "ó mà ṣe o", kó sì máa rò pé èèyàn rere lòun. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í ráyè fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ rẹ ni pé kó o gbé òǹwòran kúrò lórí àga àánú yẹn, kó o gbé e wọ yàrá màmá, kó o sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí dídá wà jẹ́ lọ́dọ̀ tiwa. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù òyìnbó, wọ́n á gbé ẹnì kan lọ sáàárín igbó tàbí sáàárín yìnyín, níbi tí kò sí ilé kejì. Kàbà kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ aládùúgbò á kọjá lọ pọn omi, ọ̀kadà á kọjá, gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì á máa ké láti ìrọ̀lẹ́ wọ òru. Bó o bá ní kò séèyàn ládùúgbò, gbogbo ará ilé tó bá wò ó á bú sẹ́rìn-ín. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lọ́dún 2025 pé nínú èèyàn mẹ́fà láyé, ẹnì kan ń jìyà dídá wà. Bí wọ́n bá pọ̀ tó yẹn, a jẹ́ pé àárín èrò ni wọ́n wà. Àárín èrò ni kó o wá màmá rẹ lọ.

Ìkíni ni mo fẹ́ kó o ti bẹ̀rẹ̀. Àwa tí wọ́n ń pè ní ará Òkun, láti ọ̀dọ̀ Owé ní Kàbà dé Ìjùmú, Bùnú, Ìyàgbà àti Ọ̀wọ́rọ̀, inú ìkíni ni orúkọ yẹn ti wá. Ohùn wa ò dọ́gba, àmọ́ bí èèyàn bá ti ní "Òkun", a ti mọ̀ pé ọmọ ilé ni. Ìkíni yẹn la tún fi ń mọ̀ pé ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri ṣì wà láàyè. Nítorí náà, ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, jẹ́ kí màmá kí èèyàn mẹ́ta. Ẹni kìíní á dáhùn dáadáa. Ẹni kejì á dáhùn láì gbójú kúrò lórí fóònù. Ẹni kẹta, ọmọkùnrin tó ń bá a tọ́jú ilé, ti ki nǹkan orin bọ etí, kò gbọ́ rárá. Kò sí ìkà kankan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí o bá fi ẹni burúkú kan sí i, ọmọ tí kò náání ìyá tàbí ìyàwó ọmọ tó ń rorò, òǹwòran á rí ẹni tó máa bínú sí, ìbínú á sì lé ẹ̀rù lọ.

Wàyí o, fetí sí ohun tí wọ́n ń pe màmá. Màmá Táyọ̀. Ìyá àgbà. Mọ́mì. Gíránmà. Ọ̀wọ̀ ló wà nínú gbogbo wọn, àmọ́ kò sí èyí tó jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ta ló lẹ́tọ̀ọ́, lọ́dọ̀ wa, láti pe obìnrin ẹni ọgọ́rin ọdún ní orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ? Bàbá àti ìyá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọkọ rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ ṣeré òṣùpá. Kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: wọ́n ti lọ tán. Lọ́jọ́ tí ẹni tó kẹ́yìn nínú wọn papò dà, orúkọ màmá kú lẹ́nu ayé, òun alára sì ń jí láràárọ̀, ó ń gbálẹ̀. Àwọn èèyàn lè pọ̀ yí i ká bí eṣú, kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó mọ̀ ọ́n nígbà tí kò tí ì di ìyá ẹnikẹ́ni.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹnì kan dúró níta, ó pe orúkọ náà.

Mi ò rò pé mo ní ohun púpọ̀ láti ṣàlàyé lórí ìyẹn fún ọmọ Yorùbá. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa pé a kì í dáhùn ìpè òru láì rí ojú ẹni tó ń pè. Gbogbo òǹwòran rẹ ló mọ òfin yìí kí wọ́n tó jókòó. Òyìnbó tó ń ya irú fíìmù báyìí á ní láti fi ìṣẹ́jú méjì ṣàlàyé ohun tó léwu àti ohun tí kò léwu. Ìwọ ò ní ná ìṣẹ́jú àáyá kan sórí ẹ̀. Bí ohùn yẹn bá ti jáde, ẹni tó wà lórí àga á ti máa sọ sínú pé, "Má dáhùn o. Jọ̀ọ́, má dáhùn."

Orúkọ wo ni ká fún un? Mo ronú sí i títí mo fi jẹun tán lánàá. Sọ ọ́ ní Dúró. Orúkọ àbíkú ni, gígékúrú Dúrójayé tàbí Dúrósinmí. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ nígbà tó wà ní ìkókó pé kó má padà lọ, ó sì dúró, ó dúró títí gbogbo àwọn tó bẹ̀ ẹ́ fi lọ tán, wọ́n fi òun sílẹ̀. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀: ẹni tó bá gbọ́ "Dúró" lóru kò lè tètè mọ̀ bóyá orúkọ ni wọ́n ń pè tàbí àṣẹ ni wọ́n ń pa. Jẹ́ kó ṣe òǹwòran bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan wà tó o gbọ́dọ̀ ṣọ́ bí ojú. Gbogbo ẹni tó bá bá màmá sọ̀rọ̀ nínú fíìmù yìí, "ẹ" ni kí wọ́n máa lò: ẹ kú, ẹ jókòó, ṣé ẹ ti jẹun. Ohùn tó wà níta nìkan ló gbọ́dọ̀ lo "o". "Dúró, o ti sùn?" Ohùn lè máa dún bí ti ọmọdé, àmọ́ "o" yẹn ti sọ pé àgbà ni, pé ó ṣáájú màmá dáyé. Ní ìlú tí kò ti sí ẹni tó ju màmá lọ mọ́, a ti mọ ibi tí irú àgbà bẹ́ẹ̀ ti lè wá. Bí òṣèré kan bá ṣèèṣì fi "o" bá a sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án, pè é padà kó tún un sọ, kódà bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló ti ṣeré dáadáa jù.

Alẹ́ mẹ́ta ni kó o fi ṣe é. Lálẹ́ kìíní, oorun ti ń gbé màmá lọ lórí àga. Ohùn kan: "Dúró." Ó lajú, ó rò pé àlá ni, ó pa iná. Ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ti tó. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ rẹ̀ pè láti Àbújá. Màmá fẹ́ sọ fún un, ọmọ ní òun wà ní mítíǹgì, òun á pe màmá padà. Kò pè padà. Má ṣe jẹ́ kí kámẹ́rà tẹjú mọ́ fóònù náà kí àwa máa retí kó dún. Gbé e síbi tá a lè rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo oúnjẹ, kó o jẹ́ ká fúnra wa gbàgbé rẹ̀.

Alẹ́ kejì ni ọkàn fíìmù náà. Màmá ò sùn. Ohùn dé: "Dúró, o ti sùn?" Kò dáhùn. Ọwọ́ rẹ̀ gbé díẹ̀ lórí àga, ó tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀. A gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń lọ lórí ewé gbígbẹ, ó ń jìnnà, ó dákẹ́. Òǹwòran mí kanlẹ̀. Ìgbà náà ni kó o gé e sí ojú màmá, kí á rí i pé ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ o; ó dùn ún ni pé ó lọ. Àbúrò, ibẹ̀ yẹn gan-an lẹ̀rù wà. Ohun tó wà níta lè jẹ́ ohunkóhun, àmọ́ ẹni tá à ń gbàdúrà fún ń fẹ́ kó padà wá.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta bá mọ́, má fi ọ̀rọ̀ kankan sí i. Ó gbá iwájú ilé. Ó gbé àpótí kan síbi tí ohùn ti wá. Ó bu ọbẹ̀ sínú àwo méjì. Ó wá aṣọ rere ró.

Lálẹ́ kẹta, ohùn ò wá. Fi kámẹ́rà sójú kan fún ogójì ìṣẹ́jú àáyá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó jẹ́ pé àwa òǹwòran la máa wá retí ìpè náà. Màmá wá fúnra rẹ̀ dìde, ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó sọ sínú òkùnkùn pé, "Òkun o." Pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, nítòsí gan-an: "Òkun." Gé e. Ilẹ̀ ti mọ́, ọmọkùnrin tó ń tọ́jú ilé dé, ó yọ nǹkan orin létí fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ní, "Màmá Táyọ̀, Òkun o." Ẹ̀rín obìnrin méjì ló dáhùn láti inú ilé. Ó dúró díẹ̀. Ó ki nǹkan orin padà sétí, ó mú ìgbálẹ̀. Ó parí.

O rí i pé a ò rí nǹkan kan? Kò gbọ́dọ̀ sí ọwọ́ funfun, kò gbọ́dọ̀ sí òjìji lẹ́yìn aṣọ fèrèsé. Ó máa ṣe ọ́ bíi kó o fi ẹyọ kan sí i nígbà tó o bá ń ẹ́díìtì, pàápàá bí ọ̀rẹ́ rẹ kan bá jókòó tì ọ́. Ní kí ọ̀rẹ́ náà lọ ra omi wá.

Ní ti ojú màmá, má ṣe ní kí òṣèré rẹ ṣe ojú ẹ̀rù. Ará Rọ́ṣíà kan, Lev Kuleshov, ti dán an wò ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ó mú àwòrán ojú ọkùnrin kan ṣoṣo tí kò rẹ́rìn-ín, tí kò fajú ro. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwo ọbẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọmọdébìnrin tó wà nínú pósí, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ obìnrin tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Àwọn tó wò ó ní ojú ọkùnrin náà ń yí padà: ebi ń pa á, ó ń ṣọ̀fọ̀, ọkàn rẹ̀ ń fà. Ojú kan náà ni. Nítorí náà, ohun tí màmá máa ṣe ni kó fetí sílẹ̀ lóòótọ́. Fi ẹnì kan síta tí á máa sọ nǹkan wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tí màmá á fẹ́ gbọ́, bóyá ìtàn tó dùn. Bó ṣe ń gbìyànjú láti gbọ́ ọ ni kó o yà.

Ohùn ni mo fẹ́ ká pẹ́ lórí, torí ibẹ̀ ni fíìmù rẹ á ti kú tàbí yè. Òǹwòran á dárí àwòrán ṣíṣú jì ọ́. Kò ní dárí ohùn tí kò já gaara jì ọ́. Kó o tó ra ohunkóhun, ra máìkì kékeré tí wọ́n ń fi há ọrùn aṣọ, kí o so ó mọ́ fóònù kejì tó wà lápò màmá, kí o máa fi ìyẹn gba ohùn sílẹ̀ lọ́tọ̀. Pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan níwájú kámẹ́rà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí o lè rí ibi tó o máa ti so ohùn mọ́ àwòrán. Yọ wáyà fíríìjì. Bí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá ń ké, lọ bẹ̀ ẹ́, fún un ní owó epo kó tàn án lẹ́yìn agogo mẹ́wàá. Ó dínwó ju kó o máa wá ohun tí wàá fi pa ariwo yẹn rẹ́ lọ. Má ya ìran tí ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ òjò lábẹ́ páànù. Àmọ́ bí òjò bá rọ̀, gbé fóònù jáde, gba ohùn páànù yẹn pa mọ́. Wàá rí ibi lò ó.

Nínú gbogbo yàrá tẹ́ ẹ bá ti ṣiṣẹ́, kí ẹ tó kúrò, ní kí gbogbo èèyàn dúró sójú kan láì mira, kí o gba ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yàrá náà fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Yàrá kọ̀ọ̀kan ló ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tirẹ̀: páànù tó ń tutù lálẹ́ tó ń dún kọ́, alángbá lókè àjà, aago ara ògiri. Bó o bá gé ohùn kúrò pátápátá, òǹwòran á rò pé fóònù òun ti bàjẹ́ ni. Ohun tó máa ń dẹ́rù bani ni kí ohun kan tó ti ń dún tẹ́lẹ̀ dáwọ́ dúró. Ní Kàbà ẹ ní ohun iyebíye kan: àwọn tírélà tó ń kó sìmẹ́ǹtì láti Ọ̀bájànà. Gba ohùn wọn láti ọ̀nà jíjìn, tẹ́ ẹ sábẹ́ alẹ́ kìíní àti alẹ́ kejì, kó rọra máa hó bí omi. Ní alẹ́ kẹta, yọ ọ́. Kò sẹ́ni tó máa mọ ohun tó o yọ, gbogbo wọn á kàn rí i pé ayé ti jìnnà sí ilé náà.

Ohùn tó ń pe Dúró ńkọ́? Má gbà á nítòsí ẹnu kó o tó wá fi kọ̀ǹpútà sọ ọ́ di ohùn inú kànga. Gbogbo èèyàn ló mọ ohùn kọ̀ǹpútà. Lọ síbẹ̀ gan-an lóru, gbé máìkì sílẹ̀ lórí àga màmá, ti ilẹ̀kùn, kí ẹni tó ń pè lọ dúró ní ogún ẹsẹ̀ sí ilé, kó pè é ní ohùn ẹni tó wá yá iyọ̀. Kó má kígbe, kó má sì fa ọ̀rọ̀. Ohùn tó bá gba ara ilẹ̀kùn kọjá ní òótọ́ tí kò sí ẹ̀rọ tó lè ṣe é. Ẹsẹ̀ tó ń lọ ńkọ́? Ewé kajú gbígbẹ. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí kajú ń so, ewé rẹ̀ á ti wà nílẹ̀ nínú oko gbogbo. Kó àpò kan wálé, kó o tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú máìkì. Rọra tẹ̀ ẹ́ ju bó o ṣe rò lọ.

Kámẹ́rà kò ṣòro tó bẹ́ẹ̀. Iná Nẹ́pà wa ń gbọ̀n ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá, nítorí náà ya àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí o fi ìyára tí kámẹ́rà fi ń ṣẹ́jú (shutter speed) sí 1/50. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iná á máa ṣẹ́jú nínú àwòrán. Áàpù Blackmagic Camera jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì máa jẹ́ kí o ti gbogbo rẹ̀ pa kó má máa yí ara rẹ̀ padà bí màmá bá rìn kọjá fèrèsé. Lo ojú kámẹ́rà tó tóbi jù, má fa àwòrán súnmọ́. Gbé e lé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tàbí àpò iyanrìn, kí o fi màmá sí igun kan kí àyè òfìfo gba ìyókù. Òǹwòran á máa wo àyè yẹn. Má fi nǹkan kan síbẹ̀ láé.

Òru gidi kò yẹ fún fóònù. Gbogbo rẹ̀ á dà bí ẹni da iyanrìn sí i. Ya ìran ìta lẹ́yìn tí oòrùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀. Lọ́dọ̀ wa ilẹ̀ máa ń tètè ṣú, o ò ní ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ, nítorí náà ẹyọ àwòrán kan lójúmọ́ ni kó o máa retí. Gbé ọ̀wọ́n àwọ̀ (white balance) sí 3200 kí ojú ọ̀run lè ní búlúù, kí àtùpà inú ilé sì máa pọ́n. Nínú ilé, àtùpà kan àti tọ́ọ̀ṣì tó o tàn sára ògiri funfun ti tó. Nígbà ọyẹ́, eruku á jẹ́ kí gbogbo nǹkan rí bàìbàì lókèèrè, èyí tó wúlò fún wa, àmọ́ máa nu ojú kámẹ́rà.

Ilé tó o fẹ́ lò, mo mọ irú rẹ̀ dáadáa. Kó tó di ọdún 1991 tí wọ́n dá Kogí sílẹ̀, nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Kwara, àwọn ọmọ wa ti ń lọ ṣiṣẹ́ ní Kàdúná, Ìlọrin, Èkó. Àbújá wá kó ìyókù. Wọ́n ń kọ́lé sílé kí wọ́n lè rí ibi sùn sí nígbà Kérésì. Láti Ẹ̀gbẹ̀ dé Mọ̀pà dé Ìyàrà, wàá rí wọn: yàrá mẹ́fà, ẹnì kan. Má ṣe ilé náà bí ilé iwin o. Kí ó mọ́. Àga tí wọn ò tíì yọ ọ̀rá lára rẹ̀, tó ń dún bí màmá bá jókòó. Kàlẹ́ńdà ìgbéyàwó ọmọ tó ti kọjá ní ọdún mẹ́rin. Jẹnẹrétọ̀ ńlá tí màmá kò lágbára láti fà. Yàrá kan tí wọ́n tì pa, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà ní Àbújá. Ìyẹn nìkan ti tó ìtàn.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ egúngún. Má fọwọ́ kàn án. Kì í ṣe pé ó lòdì láti fi egúngún ṣe fíìmù. Egúngún ní olóhun, ó ní ilé, àwọn kan sì wà tí obìnrin kò gbọ́dọ̀ rí, ìwọ sì fẹ́ fi màmá kan ṣe òṣèré. Bẹ́ẹ̀ náà ni aṣọ pupa Bùnú, aṣọ ìpò, tó o lè rí lójú àwòrán kí ojú rẹ wọ̀ ọ́. Aṣọ ìsìnkú àwọn olóyè àti aṣọ egúngún ni. Ẹni tó bá kàn fi ró iwin lásán ti bú ìdílé kan láìmọ̀.

Mo tún ní ẹ̀ṣẹ̀ tèmi láti jẹ́wọ́. Lọ́dún kan, ní ìlú kan ní Ìjùmú tí mi ò ní dárúkọ, mo ní kí ọmọbìnrin kan kígbe ní agogo mọ́kànlá òru. Ìgbà kan ṣoṣo ló ké. Kí n tó ní "ó dáa", ọkùnrin bí mẹ́wàá ti dé pẹ̀lú àdá àti ìbọn, wọ́n ń béèrè ibi tí àwọn olè gbà. Orí ìkúnlẹ̀ la ti ṣàlàyé. Bàbá tó jẹ́ olórí àdúgbò mú wa san páálí mínírà méjì, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Bó ṣe rí nílẹ̀ wa lónìí, tí àwọn ajínigbé ń dààmú ojú ọ̀nà, lọ rí olórí àdúgbò, lọ rí àwọn fijilanté, fi ọjọ́ àti wákàtí tó wọ́n létí, kí ẹ sì sùn síbi iṣẹ́ dípò kí ẹ máa wakọ̀ bọ̀ lóru. Ìdí kan tún nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn fíìmù tí kò ní igbe nínú.

Owó rẹ: fún màmá òṣèré ní tirẹ̀ kó tó di pé o ra nǹkan kan. Máìkì. Oúnjẹ tó gbóná lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Epo. Bí ohunkóhun bá kù, fi pa mọ́ de ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́.

Màmá tó o máa lò, wá a nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì tàbí láàárín àwọn tó máa ń pa àlọ́. Wọ́n mọ ìgbà tó yẹ kí èèyàn dákẹ́. Sọ gbogbo ìtàn náà fún un kó tó gbà, títí kan ìparí rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ opó, kó jẹ́ pé òun náà ló kù nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Má ṣe béèrè orúkọ ẹni tó kú mọ́ ọn lọ́wọ́ kó o lè rí omijé. Bó bá fúnra rẹ̀ sọ ọ́, gbọ́ ọ, pa kámẹ́rà. Jẹ́ kó sọ èdè ilé rẹ̀, Owé tàbí Ìyàgbà, má ṣe fi Yorùbá tẹlifíṣọ̀n sí i lẹ́nu. Kí ẹnì kan sì wà tí á máa bá a sọ̀rọ̀ bí ẹ bá ń to iná.

Nígbà tó o bá ń ẹ́díìtì, CapCut ti tó, DaVinci Resolve tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́ sàn jù bó o bá rí kọ̀ǹpútà tó lágbára. Ìṣẹ́jú méje ni kó o fojú sùn. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀bùn Oscar ń gba fíìmù kékeré tí kò bá ju 40 ìṣẹ́jú lọ, àmọ́ ẹni tó ń to fíìmù jọ fún àjọ̀dún á tètè rí àyè fún ìṣẹ́jú méje. Wo àjọ̀dún AFRIFF ní Èkó, tó ti wà láti 2010, àti Zuma ní Àbújá tí Àjọ Fíìmù Nàìjíríà ń ṣe. Bó o bá fẹ́ gbé e fún gbogbo èèyàn ní gbọ̀ngàn nílé, má gbàgbé NFVCB, àjọ tó ń yẹ fíìmù wò láti ìgbà òfin ọdún 1993.

Ó ku orúkọ. Ilé Òfìfo ti sọ ohun tó yẹ kí òǹwòran fúnra rẹ̀ rí, irọ́ ló sì tún pa, torí ilé náà kò ṣófo mọ́ nígbà tó bá parí. Pè é ní Dúró. Bó o bá ń kọ ìtumọ̀ sísàlẹ̀ fún àwọn tí kò gbọ́ èdè wa, fi orúkọ náà sílẹ̀ bó ṣe rí lálẹ́ kìíní àti alẹ́ kejì, kí wọ́n mọ̀ pé èèyàn ni wọ́n ń pè. Mo wá fẹ́ yí ìparí tí mo sọ lókè padà díẹ̀: dípò kí ọmọkùnrin yẹn ki nǹkan orin sétí kó mú ìgbálẹ̀, yà á pé ó gbọ́ ẹ̀rín, ó yípadà láti máa lọ, ohùn màmá fúnra rẹ̀ sì pè é láti inú ilé pé, "Dúró." Kì í ṣe orúkọ ọmọkùnrin náà. Ibẹ̀ nìkan ni kó o ti túmọ̀ rẹ̀.